Ẹ̀wà Tó Hù Láìgbàṣẹ

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́ bí ẹ̀wà ṣe lé ọkùnrin kan kúrò lórí àga, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú kí ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò fẹ́ràn ẹ̀rín rárá. Olùdarí Àgbà fún Ètò Ẹ̀kọ́ ni. Tí ẹ bá pè é ní Olùdarí lásán, kò ní dá yín lóhùn. Tí ẹ bá pè é ní Olùdarí Àgbà, yóò mi orí díẹ̀. Ó di ìgbà tí ẹ bá pè é ní Olùdarí Àgbà Pátápátá, Orísun Ìmọ̀, Ẹni Tó Kọ Ìwé Tó Parí Gbogbo Ìwé, kó tó yí ojú sí yín.

Ìwé náà wà lóòótọ́. Àkọlé rẹ̀ ni Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì Láìfọwọ́kan Nǹkan. Ó ṣàlàyé nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé orí àga kan náà ni òun jókòó sí tí òun fi kọ ọ́ tán, òun kò dìde lọ wo ohunkóhun, òun kò sì yọjú lójú fèrèsé. Ohun tó yẹ kó tì í lójú ló fi ń yangàn.

Nínú ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì rẹ̀, yàrá sáyẹ́ǹsì kan wà tó dára ju pálọ̀ olówó lọ. Òun ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n po omi aláwọ̀ oríṣiríṣi sínú àwọn ìgò kí ó lè wu àlejò. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ góòlù kun maikirosíkóòpù, wọ́n sì kun ojú gíláàsì rẹ̀ mọ́ ọn, kí gbogbo ara rẹ̀ lè dọ́gba. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà-gadagba: MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń ṣí àgádágodo ẹnu ọ̀nà, tí àwọn ọmọ yóò tò wọlé, tí wọn yóò káwọ́ sẹ́yìn, tí wọn yóò wo ìgò, tí wọn yóò sì tún tò jáde. Olùdarí Àgbà ń pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́ àfojúrí. Àwọn ọmọ náà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn: Bàbá Má-Fọwọ́-Kàn-Án.

Òfin kan tún wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ àmọ́ tí gbogbo wọn mọ̀ sórí. Ohunkóhun tí Olùdarí Àgbà bá sọ, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún un: "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, sà." Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ya, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní oòrùn yìí mà mú o. Gbogbo wọn nu òógùn. Akọ̀wé rẹ̀ tilẹ̀ bọ́ kóòtù. Òṣìṣẹ́ kan wà tẹ́lẹ̀ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú "Mo rò pé, sà," wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka tó jìnnà kí ó tó rò ó tán. Akọ̀wé ní tirẹ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ láìsọ nǹkan mìíràn, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Bẹ́ẹ̀-Gẹ́lẹ́.

Àárín àwọn èèyàn báyìí ni Tíṣà Sáyẹ́ǹsì já sí. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, kì í sì í ní sùúrù. Àwọn ọmọ ń pè é ní Àǹtí Jẹ́-Á-Wò-Ó, torí pé ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, ìdáhùn rẹ̀ kò ju "Ẹ jẹ́ á wò ó" lọ. Bí wọn kò ti jẹ́ kó wọ yàrá aláwọ̀ góòlù yẹn, ó ń fi agolo mílíìkì, òwú àti ife omi kọ́ wọn ní abẹ́ igi.

Ẹ wá gbọ́ bí ìjà ṣe dé. Nínú ìdánwò ìparí ọdún, Olùdarí Àgbà fúnra rẹ̀ ló ṣe ìbéèrè: Níbo ni irúgbìn ti ń hù? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé rẹ̀, ojú ewé kejì: Nínú ìmọ́lẹ̀ nìkan, nítorí pé òkùnkùn jẹ́ ọ̀tá ìlọsíwájú. Gbogbo ọmọ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ àfi ọ̀kan, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Oníbèéèrè. Ohun tí òun kọ ni pé: "Ó ń hù nínú òkùnkùn náà. Mo fi ẹ̀wà sínú òwú tútù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó hù, mo rí i."

Òdo ni wọ́n fún un. Wọ́n ní kó tún kíláàsì náà kà.

Tíṣà gba ìwé ìdánwò náà, ó wọ ọ́fíìsì Olùdarí Àgbà láìkan ilẹ̀kùn.

"Sà, kí ni ọmọ yìí ṣe?"

"Ó tako ìwé."

"Ó rí ohun tó rí, sà!"

"Ta ló ní kó máa wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì?" Olùdarí Àgbà dìde, ó fi ọwọ́ kan sí àyà bí ẹni tó fẹ́ kọrin. "Olùkọ́, gbọ́ mi. Ojú jẹ́ nǹkan kékeré. Omi ń bọ́ lójú, ojú ń wú, eruku ń kó sí i. Ìwé mi kò ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Bí ojú àti ìwé mi bá ta kora, kí ojú lọ tọrọ àforíjì. Àbí báwo, Akọ̀wé?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, sà," ni Akọ̀wé wí.

Bóyá ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀ ká ní kò sí ìpàdé àwọn òbí lọ́sẹ̀ náà. Ìyá Oníbèéèrè dìde nínú ìpàdé, ó béèrè lójú gbogbo èèyàn ìdí tí ọmọ òun fi ní láti fi ọdún kan ṣòfò nítorí ẹ̀wà. Kùn-ùn kùn-ùn bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Tíṣà náà dìde. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò le: kí wọ́n gbin ẹ̀wà sí agolo méjì, kí ọ̀kan wà lójú fèrèsé, kí ọ̀kan wà nínú àpótí, kí àwọn méjèèjì máa rí omi bákan náà. "Ẹ jẹ́ á wò ó," ló wí, ló bá jókòó.

Ká ní ọkùnrin yìí gbọ́n ni, ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá ní òun ṣe àṣìṣe, ọmọ ì bá wọ kíláàsì tó kàn. Àmọ́ wọ́n ti gbé gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́, ẹ sì mọ ohun tí gbohùngbohùn máa ń ṣe fún irú wọn.

"Ẹ̀yin òbí ọlọ́lá!" ló ké. "Kì í ṣe agolo méjì lásán. Mínísítà ń bọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé mi pé òun nìkan ni kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ máa lò. Iwájú Mínísítà ni a ó ti ṣí àpótí náà. Bí ẹ̀wà kò bá hù nínú òkùnkùn, olùkọ́ yìí yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀wà kan ṣoṣo bá hù nínú òkùnkùn, kí wọ́n gba àga yìí lọ́wọ́ mi, kí n lọ jókòó sí kíláàsì olùkọ́ yìí láàárín àwọn ọmọdé, kí n máa kọ́ ẹ̀kọ́!"

Pàtẹ́wọ́ rọ̀ bí òjò. Ó tẹrí ba sí ọ̀tún, ó tẹrí ba sí òsì, ó lọ sílé.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ìròyìn náà tán. Ó wọ ilé ìdáná, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ tí wọn kì í sábà ṣí, ó mú ọ̀dùnkún kan tó ti gbàgbé síbẹ̀ jáde, ó gbé e ka iwájú ọkọ rẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀mùnú ti yọ lára rẹ̀, ó funfun, ó gùn tó ìka ọwọ́.

"Bàbá ọmọ, inú òkùnkùn lèyí wà o."

"Ọ̀dùnkún kò sí nínú ìwé mi," ni ọkọ dáhùn.

"Mo mọ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù mi ló wà."

Olùdarí Àgbà kò lè jẹun mọ́. Ó wo ọ̀mùnú yẹn bí ẹni ń wo ọlọ́pàá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti di ọ̀gá, ẹ̀rù bà á, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe Akọ̀wé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò sọ̀rọ̀ tààrà, torí pé èèyàn ńlá kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tààrà. Ó ní, "Akọ̀wé, ìwọ ni kó o wá irúgbìn. Mi ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú àpótí yẹn. Ṣé ohun tí mò ń sọ yé ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, sà."

Ó sì yé e lóòótọ́. Akọ̀wé délé, ó ro iṣẹ́ náà wò, ó rí i pé kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ dáná lọ́tọ̀. Ẹ̀wà tí ìyàwó rẹ̀ sè lálẹ́ àná kù nínú ìkòkò. Ó bu díẹ̀, ó fi omi ṣàn án, ó sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ. Ó da ti inú ìkòkò yìí sínú ife pupa, ti inú àpótí òkùnkùn nìyẹn. Ó da ẹ̀wà tútù tí wọn kò tíì sè sínú ife búlúù, ti ojú fèrèsé nìyẹn. Ó ṣiṣẹ́ náà dáadáa, ó sì sun oorun ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ọjọ́ ìgbìn pé. Irú ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ṣe, ẹ ó rò pé wọ́n fẹ́ ṣí afárá ni. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti ọ́fíìsì dé gbọ̀ngàn. Olùdarí Àgbà wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ó ka ọ̀rọ̀ ìkíni sí àwọn àlejò, ó ka òmíràn sí àwọn agolo méjèèjì. Ó pe iyẹ̀pẹ̀ inú wọn ní "ìwọ iyẹ̀pẹ̀ olóríire tí a ṣà láàárín àwọn iyẹ̀pẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ."

Tíṣà na ọwọ́ sókè. "Sà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ wo irúgbìn náà kí á tó gbìn ín."

"Wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!" ni Olùdarí Àgbà ké. Akọ̀wé mí kanlẹ̀.

Ibi tí Akọ̀wé ti ń mí kanlẹ̀ yẹn ni wàhálà ti dé. Ó gbé ife méjèèjì wá lórí àwo, ó rọra na ife búlúù sí ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ fún agolo ojú fèrèsé. Olùdarí Àgbà wo ife búlúù, ó wo ife pupa, ó wá rántí pé ayàwòrán ìwé ìròyìn wà níbẹ̀.

"Pupa ni àwọ̀ àṣẹ," ló wí pẹ̀lú ohùn gíga. "Ife pupa ni n ó dà sójú ìmọ́lẹ̀. Kí ti búlúù lọ sínú òkùnkùn. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, Akọ̀wé?"

Ẹ̀yin tèmi, ẹ dúró níbí kí ẹ wo ọkùnrin yìí. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló ní láti sọ: "Rárá, sà." Ó ṣí ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti ń gba ọ̀nà kan láti ọdún wọ̀nyí kò mọ ọ̀nà mìíràn.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, sà," ni Akọ̀wé wí, omi sì yọ lójú rẹ̀. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ayọ̀ ló pa á lẹ́kún.

Olùdarí Àgbà yí ojú sí ayàwòrán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó da ife pupa sínú agolo ojú fèrèsé láìwo ohun tó ń dà. Ó da búlúù sínú agolo kejì. Wọ́n gbé ìyẹn sínú àpótí, wọ́n tì í, Olùdarí Àgbà sì fi okùn so kọ́kọ́rọ́ àpótí náà mọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ihò kékeré kan wà lórí àpótí tí wọ́n ń gbà fi rọ́bà da omi, tí wọ́n sì ń fi aṣọ dúdú bò.

Kò pẹ́ tí èèrà bẹ̀rẹ̀ sí tò lọ sí agolo ojú fèrèsé. Wọ́n jáde láti abẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n gun ògiri, wọ́n wọ inú agolo, wọ́n sì ń padà lọ pẹ̀lú ẹrù. Àwọn òṣìṣẹ́ wá sọ fún Olùdarí Àgbà. Kò lọ wò ó, àmọ́ ó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ó ní èèrà pàápàá mọ ibi tí ìmọ̀ wà. Lẹ́yìn náà ni agolo bẹ̀rẹ̀ sí rùn. Ó ní òórùn ìdàgbàsókè ni. Tíṣà ti fẹ́ wa iyẹ̀pẹ̀ náà wò, àmọ́ wọ́n ti fi okùn yí ibẹ̀ ká.

Mínísítà dé. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ka oríkì Olùdarí Àgbà fún un títí ó fi wo aago. Tíṣà jókòó sẹ́yìn, ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú páálí tán, ó gbé e sí ẹsẹ̀.

Agolo ojú fèrèsé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá. Kò sí ewé, kò sí igi. Òórùn nìkan ló jáde, àwọn tó wà níwájú sì fa àga wọn sẹ́yìn.

Wọ́n wá ṣí àpótí. Nǹkan funfun kan nà jáde bí ẹni tí wọ́n ti há mọ́lé. Ẹ̀wà náà ti hù, ó tínrín, ó gùn gbọọrọ, ewé rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ṣàìsàn, ó sì ti tẹ orí mọ́ ìdérí àpótí níbi tó ti ń wá ọ̀nà. Àwọn ọmọ pariwo. Oníbèéèrè fò sókè lórí bẹ́ǹṣì.

Ṣé ẹ rò pé ọ̀gá yìí dákẹ́? Ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n nìyẹn.

"Kí ni mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí?" ló ké, òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀. "Òkùnkùn! Òkùnkùn ni ìyá ìlọsíwájú! Ìmọ́lẹ̀ ń pa irúgbìn, ẹ̀yin náà rí i. Láti òní lọ, mo pa á láṣẹ pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ti fèrèsé wọn pa!"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, sà!" ni àwọn òṣìṣẹ́ dáhùn. Wọ́n sáré ti fèrèsé gbọ̀ngàn, gbàgà, gbàgà. Ibẹ̀ ṣókùnkùn biribiri.

Ohùn Mínísítà ló jáde láti inú òkùnkùn náà. "Ẹ bá mi ṣí fèrèsé. Mo fẹ́ ríran."

Wọ́n ṣí i. Tíṣà ti dìde. Ẹni tó yẹ kó máa jó ni, àmọ́ inú ń bí i.

"Mà, irọ́ nìyí náà! Ẹ̀wà yẹ kó hù lójú ìmọ́lẹ̀. Mo ti gbìn ín láìmọye ìgbà. Nǹkan kan ṣe ti agolo yẹn. Ẹ jẹ́ á wò ó!"

Mínísítà wo Oníbèéèrè tó ṣì dúró lórí bẹ́ǹṣì. "Wá, ọmọ mi. Wà á fún wa."

"Má fọwọ́ kàn án!" ni Olùdarí Àgbà ké. Ọwọ́ ọmọ ti wọ inú iyẹ̀pẹ̀. Ó yọ kóró kan, ó yí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rojú. Ó yọ òmíràn. Ó fi èékánná tú nǹkan kan kúrò lára rẹ̀, ó gbé e sójú oòrùn.

"Àlùbọ́sà nìyí, mà. Gígé ni wọ́n gé e. Epo sì wà lára ẹ̀." Ó ronú díẹ̀. "Ẹnì kan ti sè é."

Mínísítà yí sí Akọ̀wé.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wá irúgbìn náà?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mà."

"Ẹ̀wà sísè ni?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mà."

"Ọ̀gá yín ló ní kí ẹ rí sí i pé kò hù?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mà."

"Akọ̀wé!" Olùdarí Àgbà fò sí àárín wọn. "Sọ fún wọn pé irọ́ ni! Èmi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀! Àbí èmi ni mo wá ń parọ́?"

Akọ̀wé wo ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, sà," ló wí.

Àwọn òbí rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi di ara wọn mú. Mínísítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbọ́ pé ọ̀gá ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ níwájú àwọn òbí, òun kò sì rí ohun tí òun fẹ́ yọ níbẹ̀ tàbí fi kún un. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbèéèrè wọ kíláàsì tó kàn, Tíṣà gbé páálí rẹ̀ padà sínú yàrá sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó sì ṣe ni pé ó fi kẹrosín-ìn nu ojú maikirosíkóòpù.

Báyìí ni ọkùnrin náà ṣe di ọmọ kíláàsì. Bẹ́ǹṣì kúrú fún un, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, Tíṣà fún olúkúlùkù ní ife gíláàsì, òwú tútù àti kóró ẹ̀wà kan, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara gíláàsì kí wọ́n lè máa rí i láti ìta. Ọkùnrin náà dìde láti sọ̀rọ̀ ìtẹ́wọ́gbà. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ ti doríkodò sí ife wọn, ó sì jókòó.

Fún ọjọ́ mélòó kan, ó máa ń pẹ́ dé, ó máa ń yára lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ó dé ṣáájú gbogbo wọn, kóòtù rẹ̀ kò sì sí lára rẹ̀. Nígbà tí Oníbèéèrè àti àwọn yòókù wọlé, wọ́n bá a níbi tó ti kúnlẹ̀ sídìí tábìlì, tó gbé ojú sún mọ́ gíláàsì títí tí èémí rẹ̀ fi bò ó.

"Ẹ wá wò ó!" ló ké. "Gbòǹgbò rẹ̀ ti jáde! Ìsàlẹ̀ ló kọjú sí! Gbogbo ẹ̀wà ayé, ìsàlẹ̀ ni gbòǹgbò wọn ń lọ, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, yóò yí padà!"

Oníbèéèrè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó nu èémí kúrò lára gíláàsì. Ó rí gbòǹgbò kan tó kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́.

"Ó ti jáde lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n ti pé yóò yí padà, ṣé ẹ rí i ni, àbí ẹ rò ó?"

Ọkùnrin náà na ara rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sí àyà, ó ṣí ẹnu. Gbogbo kíláàsì ń wò ó. Ó pa ẹnu dé. Nígbà tó tún un ṣí, ohùn tó jáde kéré débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́.

"Mo rò ó ni," ló wí.

Ó na ọwọ́, ó rọra dorí ife náà kodò, ó sì tún kúnlẹ̀ láti máa wò ó.